Ínsúlínì Màmá Wa

Bí ínsúlínì bá kán sí èèyàn lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ kì í tètè lọ. Ó jọ ti oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn, àmọ́ ó rọ̀ jù ú lọ. Òórùn yẹn ni ó ń jí mi ní àràárọ̀ ní Rumuolumeni, ní Port Harcourt, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, kí òórùn àkàrà tó wọlé láti ojú títì, kí èéfín jẹnẹrétọ̀ àwọn alájọgbé wa tó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Títí di òní, bí mo bá wọ yàrá àyẹ̀wò níbi iṣẹ́ mi ní Ìlọrin, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ṣí ìgò oògùn tí òórùn rẹ̀ jọ ọ́, ọkàn mi á ti dé Port Harcourt kí n tó rántí pé mo ní iṣẹ́ lọ́wọ́.  Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé ohun ìjìnlẹ̀ kan ni mò ń rò.

Àwa mẹ́ta ni a jọ ń gbé nínú yàrá méjì. Màmá wa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Trans-Amadi. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn èèyàn rò pé yóò kó ẹrù padà sílé, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ ti gbilẹ̀, kò sì lọ síbì kankan. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, kúlà àti abọ́ oníke ni ó ń tà. Èmi ni ọmọ tí ó bí. Ẹnì kẹta wa ni àbúrò mi. Tí mo bá ní àbúrò mi, má wulẹ̀ wá ojú mi lójú rẹ̀ o, o ò ní rí i. Ọmọ Ikwerre, àwọn onílẹ̀ Port Harcourt, ni ìyá rẹ̀, yàrá tí ó kọjú sí tiwa ni ó ń gbé. Ìyá náà ṣàìsàn, ó ní kí Màmá wa bá òun mójú tó ọmọ títí òun yóò fi ti ilé ìwòsàn dé. Kò dé mọ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá, wọ́n jókòó, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n ní àwọn yóò wá mú ọmọ náà lẹ́yìn ìsìnkú. Ìyá rẹ̀ àgbà ni ó padà wá, tòun ti ìṣáwùrú nínú àpò. Ó bá ọmọ náà lẹ́yìn Màmá wa tí ó ń sùn fọnfọn. Ó wò ó títí, ó gbé ìṣáwùrú sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí àwa méjèèjì ṣe di ọmọ ìyá nìyẹn.

Yorùbá tí àbúrò mi ń sọ, kò sí irú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. "Sista, Màmá say kí o wá o, ọbẹ̀ don ready." Bí ó ṣe máa ń pè mí fún oúnjẹ nìyẹn. Bí àwọn ará ìlú wa bá wá kí wa, wọn á máa fi í rẹ́rìn-ín, Màmá wa á sì ní kí wọ́n fi ọmọ òun sílẹ̀, pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ojúlówó Yorùbá kí ó lọ wọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Inú mi máa ń dùn bí ó bá gbèjà rẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí a bá ń jà lórí ibùsùn, àbúrò mi náà ni ó máa ń gbè sí lẹ́yìn.

Àtọ̀gbẹ Màmá wa kì í ṣe irú èyí tí oògùn ẹnu ń kápá. Abẹ́rẹ́ ni, láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ínsúlínì kò sì fẹ́ ooru, bẹ́ẹ̀ ìwọ náà mọ bí iná mànàmáná ṣe ń ṣe wá ní Port Harcourt. Nọ́ọ̀sì kan ni ó kọ́ Màmá wa ní ọgbọ́n tí a ń dá sí i. Ìkòkò amọ̀ ńlá kan wà lábẹ́ tábìlì, iyanrìn tútù wà nínú rẹ̀, ìkòkò kékeré wà nínú iyanrìn, ìgò ínsúlínì sì wà nínú ìkòkò kékeré. Ní àràárọ̀, ọ̀kan nínú wa á bu omi sí iyanrìn náà. Abẹ́ tábìlì yẹn ni ó tutù jù nínú ilé, débi pé àbúrò mi máa ń fẹ̀yìn ti ìkòkò náà bí ó bá ń kàwé rẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an. Iná ti lọ tipẹ́, kànga tí gbogbo ilé ń lò ti ń fa ẹrọ̀fọ̀, ooru inú yàrá wa kò sì ṣe é fẹnu sọ. Àbúrò mi, tí ó ti di ọ̀dọ́bìnrin nígbà náà, fọwọ́ kan ìkòkò ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá a pé iyanrìn ti gbẹ. Ẹ̀rù bà á. Màmá wa ti lọ sí ọjà, èmi ti lọ sí kíláàsì. Nígbà yẹn, yìnyín ni gbogbo wa gbẹ́kẹ̀ lé ní àdúgbò. Ẹja, ẹran, ọbẹ̀ ọjọ́ ìsinmi, bí iná bá ti lọ, a ó so òwú mọ́ tiwa kí ó má baà pa pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, a ó sì gbé e lọ fún obìnrin tí ń ta ẹja yìnyín ní ìkóríta, kí ó bá wa fi sí àárín ọjà rẹ̀. Ohun tí ó bá ti wọ inú yìnyín, ọkàn wa balẹ̀ lórí rẹ̀. Àbúrò mi so òwú mọ́ ìgò ínsúlínì Màmá wa, ó gbé e lọ, ó sì rọra kì í sí àárín ẹja. Ní ìrọ̀lẹ́ ó lọ gbà á padà, ó ti pọn omi síbẹ̀ náà kí a tó dé, iyanrìn ti tutù, ìgò ti wà ní àyè rẹ̀. Kò sọ fún wa, nítorí kò rí i bí nǹkan tí ó yẹ kí èèyàn máa ròyìn.

Ínsúlínì tí Màmá wa ń lò jẹ́ irú èyí tí ó máa ń rí bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì bí a bá ti yí ìgò rẹ̀ lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, àwọn nǹkan funfun wínníwínní lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Màmá wa yí i, ó tún un yí, ó ní bóyá ojú òun ni, ó sì gún ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e. Òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́, ó ń mu omi bí ẹni tí ó ti oko dé, ó sì ń tọ̀ ọ́ jáde. Nígbà tí yóò fi di òpin ọ̀sẹ̀, kò lè dìde lórí ẹní, èémí rẹ̀ sì ń rùn bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ó ti pọ́n jù. A gbé e dìgbàdìgbà sínú takisí lọ sí ilé ìwòsàn. Mo di orí rẹ̀ mú, àbúrò mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo sì ń gbàdúrà lọ́nà tí mi ò gbà á rí.

Nígbà tí dókítà ti fún un ní ínsúlínì mìíràn tí ara rẹ̀ sì ti ń wálẹ̀, ó pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó béèrè bí a ṣe ń tọ́jú oògùn nílé. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìkòkò. Ó ní ìkòkò kò lè fa irú èyí. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn àbúrò mi lẹ́yìn mi.

"Na me," ó wí. "Na me carry am go put inside ice. I think say cold na cold."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní ínsúlínì fẹ́ òtútù, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dì, bí ó bá ti dì lẹ́ẹ̀kan, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò jágbe mọ́ ọn. Ẹni tí ó jágbe ni ẹ̀gbọ́n Màmá wa ọkùnrin, tí ó ti ilé rẹ̀ ní Old GRA dé nígbà tí ó gbọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni tẹ́lẹ̀, òun ló ń san owó ilé ìwé mi, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo tí ó kù láyé ló fẹ́ lọ yẹn. Ó ní òun ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ọmọ ọlọ́mọ ni, a ti ṣe é tó, ó ti dàgbà, kí ó lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀. Ó ní bí ó bá di Sátidé, òun fúnra òun yóò fi ọkọ̀ gbé e lọ sí abúlé wọn. Àbúrò mi kò bẹ̀bẹ̀. Ó lọ sílé, ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì ńlá tí Màmá wa fi ń kó ọjà, ó sì padà wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ìta wọ́ọ̀dù. Láti ìgbà yẹn, kò wọlé mọ́. Bí mo bá ní kí ó wá wo Màmá, á ní òun ń gba atẹ́gùn.

Mo fẹ́ kí o mọ bí ó ṣe rí lára mi. Bí ó bá lọ lọ́nà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀sùn lọ́rùn, mo mọ̀ pé kò ní padà wá mọ́, ìtìjú ò ní jẹ́ kó lè padà. Mi ò sì ní ẹnu ọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n Màmá wa. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó lè dá a dúró ló ń sùn tó ń jí lórí ibùsùn yẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo sáré lọ sí kíláàsì nítorí pé ìdánwò ti sún mọ́. Olùkọ́ wa, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, ya okùn gígùn kan sí ojú pátákó, ó ní ínsúlínì nìyẹn. Mo fẹ́ dìde jáde. Ó ní sẹ́ẹ̀lì kọ́kọ́ ń ṣe é ní okùn kan ṣoṣo, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ní imí ọjọ́. Bí imí ọjọ́ kan bá pàdé òmíràn níbi tí ààyè ti gbà wọ́n, wọ́n á di ara wọn mú gírígírí. Ṣùgbọ́n ààyè kì í gbà wọ́n níbi gbogbo. Nínú omi sẹ́ẹ̀lì gan-an, àwọn nǹkan wà níbẹ̀ tí wọn kì í jẹ́ kí irú ìdè bẹ́ẹ̀ pẹ́, wọ́n á tú u. Nítorí náà sẹ́ẹ̀lì ní yàrá kan lọ́tọ̀ tí ó ń ti okùn náà wọ̀. Purotéènì mìíràn ń bẹ níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju síso àti títú lọ. Bí imí ọjọ́ kan bá lọ di èyí tí kì í ṣe ẹnì kejì rẹ̀ mú, á tú wọn, á tún wọn so, títí olúkúlùkù yóò fi rí ẹni tí ó tọ́ sí i.

Ohun tí ó sọ tẹ̀ lé e ni kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Ó ní bí ìdè náà bá ti mú tán, sẹ́ẹ̀lì á gé àárín okùn yẹn kúrò. Okùn méjì ni yóò wá kù, tí kò ní sí ohun tí ó so wọ́n mọ́ra mọ́ àfi imí ọjọ́. Mo nawọ́, mo béèrè pé kí ni apá àárín wà fún nígbà náà, bí a óò bá gé e. Ó ní òun ló fa àwọn méjèèjì súnmọ́ra. Ó ní bí a bá da àwọn okùn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú omi, díẹ̀ ni yóò rí ara wọn bó ṣe yẹ. Mo tún béèrè bóyá yìnyín lè já ìdè náà. Ó wò mí, bóyá ojú mi ti pọ́n. Ó ní rárá, ìdè yẹn le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí yìnyín ń bàjẹ́ ni bí ínsúlínì ṣe ká, á wá máa lẹ̀ mọ́ ara wọn gbùdù gbùdù, kò sì ní wúlò fún ẹni tí ó gbà á sára. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn yòókù ṣe ń kọ ọ́.

Màmá wa kì í jẹ́ kí n dé láti ilé ìwé kí ó má béèrè ohun tí wọ́n kọ́ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé mẹ́fà ni ó kà. Àìsàn kò sọ pé kó má béèrè. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ yìí. Ó ń wo àjà.

"Èyí tí wọ́n gé ní àárín yẹn ńkọ́? Ibo ni wọ́n jù ú sí?"

"Wọn ò jù ú nù, Mà. Ó máa ń bá wọn jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ó tilẹ̀ máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju ínsúlínì fúnra rẹ̀ lọ."

"Ó ṣeun," ni Màmá wa wí, bí ẹni pé ẹni tí à ń sọ náà wà nítòsí. Ó wá béèrè pé àbúrò mi dà, kí ló dé tí òun ò rí i láti ìjẹta. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nìyẹn, mo sì sọ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pinnu láìsọ fún un.

Ẹ̀gbọ́n Màmá wa dé ní àárọ̀ Sátidé. Ó ti gbé báàgì àbúrò mi sí bùútù ọkọ̀ rẹ̀. Ó wọlé, ó béèrè àlàáfíà, ó sì ní òun fẹ́ máa gbé ọmọ náà lọ.

"Ọmọ wo, Bọ̀ọ̀dá?"

"Ọmọ Ikwerre yìí náà."

"Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ o." Ó gbé ohùn sókè bí agbára rẹ̀ ṣe mọ, ó pe àbúrò mi ní orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Àbúrò mi wọlé, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. "Lọ fọ ọwọ́ ẹ," ni Màmá wa wí fún un. Nọ́ọ̀sì ti fa ínsúlínì sínú abẹ́rẹ́, ó ti fẹ́ gún un. Màmá wa gbé ọwọ́ sókè. "Nurse, abeg, give am. Na my daughter go give me."

Ẹ̀gbọ́n Màmá wa ní ṣé orí rẹ̀ pé báyìí, ṣé ó fẹ́ kú ni.  Màmá wa ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì fi ikùn sílẹ̀.

"Màmá, I no fit," ni àbúrò mi wí. "Ẹ̀rù ń bà mí."

"Jẹ́ kó máa bà ọ́. Abẹ́rẹ́ kékeré ni."

Nọ́ọ̀sì fi ibi tí yóò gún hàn án. Àbúrò mi fa awọ ara mú, ó gún un, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi tán, ó sì fà á yọ. Òórùn yẹn gba gbogbo àyíká wa. Màmá wa mí, ó ní ọwọ́ rẹ̀ mà fúyẹ́ o, ó fúyẹ́ ju ti òun fúnra òun lọ dáadáa, ó ní láti òní lọ àbúrò mi ni yóò máa gún òun. Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó ki orí bọ aṣọ ibùsùn, ó sì sun ẹkún tí ó ti ń pa mọ́ látọjọ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n Màmá wa jáde. Nígbà tí ó padà wọlé, báàgì yẹn wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé e sí ẹsẹ̀ ibùsùn, ó sì béèrè lọ́wọ́ àbúrò mi bóyá ó ti jẹun.

Àbúrò mi ni ó ń gún un títí ayé rẹ̀. Èmi kúrò ní Port Harcourt lọ kàwé sí i, mo rí iṣẹ́ olùkọ́ sí Ìlọrin, àwọn méjèèjì sì jọ wà ní Port Harcourt, wọ́n jọ ń ta kúlà. Bí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu, á máa ṣe mí bíi kí n wọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Màmá wa kú ní àsìkò òjò, lórí ibùsùn ara rẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti darúgbó díẹ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ fi ẹwà sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn rẹ̀ bí ó bá ń ná ọjà ní Pidgin Ògbómọ̀ṣọ́, bí ó ṣe ń yí ìgò náà láàárín àtẹ́lẹwọ́, bí ó ṣe ń béèrè ohun tí wọ́n kọ́ wa. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ ínsúlínì láti ìgbà náà, bí mo bá sì dé ibi tí a ti ń gé àárín kúrò, mo máa ń yíjú sí pátákó.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀rù kan ń bà mí tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi àti èmi, ẹ̀jẹ̀ kò pa wá pọ̀, ìlú kò pa wá pọ̀, ẹni tí ó fà wá súnmọ́ra sì ti lọ. Mo ń retí pé lọ́jọ́ kan, jẹ́jẹ́ báyìí, láìjà láìta, olúkúlùkù yóò gba ọ̀nà tirẹ̀. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó pè mí, ọkàn mi á ti máa sọ pé ó ti dé nìyẹn.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò mi lóyún, oyún tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń wá tipẹ́. Mo gba ìsinmi, mo lọ bá a ní Port Harcourt. Mo tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ tí ó fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó gbà wá lálejò ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ wéréwéré: ọjọ́ orí, oyún mélòó, ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó dé orí ìdílé.

"Anybody for your family get sugar?"

"Yes," ni àbúrò mi wí, kò tilẹ̀ rò ó. "My mama. She take insulin tey."

"Your own mama, abi your husband mama?"

"My own mama."

Iṣẹ́ tí mò ń fi jẹun ni kí n mọ ohun tí ń kọjá láti ara dé ara. Mo mọ̀ pé kò sí ọ̀nà tí àtọ̀gbẹ Màmá wa lè gbà dé inú ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi, ó béèrè bóyá òótọ́ ni.

"Na true," mo wí. "Our mama get am."

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n yẹ ṣúgà inú rẹ̀ wò, kò sí aburú kankan níbẹ̀. Nígbà tí a jáde sí ìta, ó wo ojú mi, ó béèrè ohun tí ó ń pa mí lẹ́kún níbi tí gbogbo nǹkan ti dára. Mo ní àárò Màmá ló ń sọ mí. Ó ní òun náà, lójoojúmọ́ ni. A dúró síbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, kẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè mọ́ wa kí a yà, a kò sì yà. Ẹ̀rù tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ ìsìnkú kúrò lára mi níbẹ̀. Èèyàn méjì tí àárò ẹnì kan náà bá ń sọ lójoojúmọ́, ọ̀kan ní Ìlọrin, ọ̀kan ní Port Harcourt, ọmọ ìyá ni wọ́n.